Ẹ̀yin Ọmọ Oníṣẹ́ Ọwọ́ Àkúrẹ́, Ọ̀rọ̀ Owó Eyín Nìyí

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wọ ìsọ̀ mi ní Arákàlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó tú u, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti wú bí ẹni tó fi òkèlè sẹ́nu tí kò gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń fi ògógóró yọ ẹnu. Ó ní, “Mọ̀mí, owó tí àwọn dókítà eyín pè ti pọ̀ jù, n ò sì ní adójútòfò ìlera.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí èmi náà ti sọ irú ẹ̀ rí.

Télọ̀ ni mí, eyín ni mo fi ń já òwú láti kékeré. Ní 2017, ihò kan yọ lára eyín mi kan lẹ́yìn ẹnu, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Dókítà eyín ní ₦7,000 lòun máa fi dí i. Kò kúkú dùn mí, mo bá fi owó náà kún owó aṣọ ẹbí. Nígbà tó fi máa di 2019, n kì í sùn lóru mọ́. Ìbàjẹ́ náà ti jẹ wọ inú eyín lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan wà. ₦85,000 ni wọ́n pè: wọn á fọ inú gbòǹgbò, wọn á dí i, wọn á wá fi adé bò ó, ìyẹn ìbòrí líle tí wọ́n máa ń fi dé eyín lórí kó má baà fọ́. Mo sá. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn eyín ní gáréèjì kán nǹkan sí i fún mi, ó bó ẹran ìdí eyín mi. Yíyọ ni wọ́n padà yọ eyín ọ̀hún. Títí dòní, apá ọ̀tún nìkan ni mo fi ń jẹ ẹran.

Ẹ má sá fún owó tí wọ́n bá pè. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: èsíréè, fífọ, dídí, adé. Ẹ bèèrè èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ yìí àti èyí tó lè dúró díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fífọ gbòǹgbò kì í tán lọ́jọ́ kan, ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ máa san án bí ẹ bá ṣe ń lọ. Ṣebí ẹ̀yin náà ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kó tó wá san ìyókù nígbà tó bá ń gbé aṣọ? Kí ló wá ń tì yín lójú? Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí adé pẹ́ jù, eyín tí wọ́n ti fọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ fọ́.

Ẹ lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ó sì wà ní Òǹdó. Irú ibẹ̀ sábà máa ń dínwó ju ti aládàáni. Tówó ò bá tó, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, tàbí kí ẹ bẹ alájọ kó jẹ́ kí ẹ tètè kó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yáwó sógundogójì, ẹ má sì yá ti orí fóònù, àwọn tó máa ń pe gbogbo ẹbí èèyàn láti dójú tì í.

Ní ti adójútòfò, òfin 2022 ní kí gbogbo wa ní in. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní àjọ tirẹ̀, ẹ lọ bá wọn. Ẹ ṣáà bèèrè ohun tó bò kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ ló ń san owó yíyọ àti dídí tí kì í san ti adé.

Bí wíwú bá dé ọrùn, tí itọ́ ò ṣe é gbé mì, tàbí tí èémí ń há, ẹ má dúró de owó, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ó ń pa èèyàn.

Ọmọ mi yẹn ti san ti ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo di ìborùn rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́. Ìgbà méjì ló kù. Ẹni tẹ́rù bá ń bà nínú yín, kó wá bá mi ní ìsọ̀, màá tẹ̀ lé e lọ.

Ìyá yín,
Ìyá Télọ̀, Arákàlẹ̀