Pásítọ̀, Ẹ Fi Ìdájọ́ Òkú Sílẹ̀ fún Ọlọ́run

Ẹ̀yin ẹ̀dítọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi ìsìnkú ìyá wa àgbà lóṣù tó kọjá ni pásítọ̀ kan ti gba máíkì, pósí ṣì wà níwájú wa o, ó ní ẹni tí ò bá gba Jésù títí tó fi kú, iná àjóòkú ló ń lọ tààrà, gbogbo wa sì mọ ẹni tó ń bá wí torí màmá ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ìyá mi kàn tú gèlè ẹ̀, ó ń fi nu ojú.

Mo gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ burú, "ìyà àìnípẹ̀kun" sì wà nínú Mátíù 25, mi ò jiyàn. Àmọ́ Lúùkù 12 ńkọ́? Jésù fúnra ẹ̀ ló ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọ ìfẹ́ ọ̀gá ẹ̀ tí ò ṣe é máa jẹ pàṣán púpọ̀, èyí tí ò mọ̀, díẹ̀ ni tiẹ̀. Àwọn Kátólíìkì náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1964, níbi ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ń pè ní Vatican Kejì, pé ẹni tí ò mọ Kristi, tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, tó sì ń fi òótọ́ inú wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Ta ló wá bá màmá dé ìsàlẹ̀ ọkàn ẹ̀?

Ẹ wàásù ìrònúpìwàdà fún àwa tá a ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi ò tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì látọjọ́ náà.

Èmi ọmọ-ọmọ màmá, Ìbàdàn.