Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, nítorí ìlà tẹ́ ẹ fà sínú ìwé

Bọ̀ọ̀dá mi,

Sátidé tó kọjá la palẹ̀ yàrá yín mọ́, ìyàwó yín ní kí n wá kó ìwé kí eku tó jẹ ẹ́ tán, ìwé Machiavelli yẹn, The Prince, tó fi ń kọ́ ọba bí wọ́n ṣe ń di ìjọba mú, ló sì wà lókè pátápátá. Bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ nìyẹn, mi ò kó nǹkan kan mọ́.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fún wa tí wọ́n bá ti múná lọ? Pé ọdún 14 ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìlú Florence ní Ítálì kí àwọn Medici, ìdílé tó ń ṣàkóso ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó padà dé lọ́dún 1512, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà tó di 1513 wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n fi okùn fà á sókè, wọ́n á wá jẹ́ kó já wálẹ̀ wìì. Èmi á ní ẹni tó ń kọ́ ọba lógun jíjà, ṣebí àwọn sójà àgbẹ̀ tó fọwọ́ ara ẹ̀ kó jọ ló sá fún àwọn ará Sípéènì ní Prato, nítòsí Florence, ẹ̀ẹ́ ní kí n dákẹ́. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù ni ti alẹ́, lóko tó lọ, pé á bọ́ aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ẹ̀, á wọ aṣọ ààfin, á wá jókòó ti ìwé àwọn ará àtijọ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀yin náà, látìgbà tí wọ́n ti dá yín dúró níbi iṣẹ́, ẹ ò jẹ́ kàwé lálẹ́ láì wẹ̀, láì lọ ṣáàtì. Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n orí 17, Bọ̀ọ̀dá. Ibi tó ti ní tí ọba ò bá lè rí méjèèjì, kí wọ́n bẹ̀rù ẹ̀ sàn ju kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lọ, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà síbẹ̀ títí bébà fi fẹ́ ya. Orí 17 yẹn kan náà ló ti ní kí ọba má fọwọ́ kan ohun olóhun o, torí èèyàn á tètè gbàgbé ikú bàbá ẹ̀ ju ogún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Kò sí ìlà níbẹ̀ rárá. Ṣé ẹ ò kà débẹ̀ ni? Ẹ tún máa ń fi Erasmus, ọ̀mọ̀wé ìgbà ayé Machiavelli, ṣe yẹ̀yẹ́, pé àlùfáà ni, kò mọ ayé, torí ó kọ̀wé sí ọ̀dọ́mọdé ọba Charles ti Sípéènì lọ́dún 1516 pé tó bá jẹ́ ìrẹ́jẹ ló máa fi di ìjọba ẹ̀ mú, kó kúkú gbé adé sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú Bàámi lẹ kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì sápò, ẹ ní ilé tí ò bá ní ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù, ogun máa wọ̀ ọ́. Màámi ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Wọn ò wojú yín, wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ, wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ, títí ilá yẹn fi dà bí èyí tí wọ́n rin, èmi náà dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, mi ò sọ nǹkan kan. Kí n má purọ́, ojú Bàámi ti ń pòórá lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ilá yẹn, mò ń rí i.

Èmi ni àgbà ilé báyìí. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì, mo ti fi san school fees, àwọn ọmọ yín ò tíì mọ̀. Ọmọkùnrin mi, tó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò mi ní géètì báyìí, á pa tẹlifísàn, á wọ yàrá lọ, ìyàwó mi ní ọmọ dáadáa ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Sọ́ńdè ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn ọmọ yín. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò mi.

Àbúrò yín