Lẹ́tà sí ọmọ àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe kápúténì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó ní ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín ti fi ọ́ ṣe kápúténì ẹgbẹ́ Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin ìjọ, àti pé inú rẹ dùn débi pé o ti lọ rán aṣọ oyè náà kí wọ́n tó gbàdúrà lé ọ lórí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí ni ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà nínú mi láti ọdún 1994 tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, mo sì rò ó pé ìwọ ni ó yẹ kí n kọ ọ́ sí, nítorí ẹni tí yóò bá tọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọkùnrin tí kì í ṣe òun ni ó bí wọn, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣìnà.

Ní ọdún náà, igbákejì kápúténì ni mí, n kò tíì pé ọmọ ọdún 25, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé ní gbogbo àyíká wa kò sí ẹni tí ó mọ dírílì bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, bíṣọ́ọ̀bù sì ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń yan. Mo to àwọn ọmọ sí àgbàlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èékánná, bàtà, bẹ́líìtì. Àwọn tí òbí wọn rí já jẹ ti fi Brasso nu irin bẹ́líìtì wọn títí ó fi ń kọ mànà. Àwọn tí kò rí owó Brasso ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha tiwọn, ká sì sọ tòótọ́, tiwọn ni ó máa ń dán jù.

Ọmọ kan wà ní ìlà kẹta, ọmọ ọdún 12, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọjà. Ṣòkòtò iléèwé ni ó wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti fi sítáàṣì lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi bíi páálí. Ó yá fìlà tí ó dé ni, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ dé etí. Kò ní bẹ́líìtì. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ya etí aṣọ dúdú kan, ó ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fi òwú funfun rán an pọ̀, ó sì dì í mọ́ ìbàdí. Òwú funfun náà ni mo kọ́kọ́ rí. Àwọn tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Dípò kí n bá wọn wí, èmi ni mo tún gbé ohùn sókè níwájú gbogbo wọn pé: “Bọ́ sẹ́yìn. Máa lọ sílé. Ọjọ́ tí o bá ní bẹ́líìtì ni kí o padà wá.” Ọmọ náà gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó kí mi bí a ti kọ́ wọn, ó yí ẹ̀yìn padà láìṣi ẹsẹ̀ gbé, ó sì ń yan lọ títí ó fi kọjá géètì. N kò rí ẹni tí ó yí ẹ̀yìn padà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún yẹn. Kò padà wá mọ́, èmi náà kò sì wá a lọ, bẹ́ẹ̀ ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn èyí ni mo tó jókòó ka ìtàn bí ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí. William Alexander Smith, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí a bí ní Thurso ní ọdún 1854, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nílùú Glasgow, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ kò gbọ́. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ Jésù, ariwo ni wọ́n ń pa, bí wọ́n bá sì ti tójú bọ́ díẹ̀, wọn kì í fẹ́ wá mọ́. Smith tún jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn tí wọ́n ń fi ìfẹ́ inú ara wọn ṣe iṣẹ́ ológun lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ó sì rò ó pé ìtò àti àṣẹ tí ó ń mú àwọn àgbàlagbà dúró ṣánṣán lè mú àwọn ọmọ wọ̀nyí náà dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1883, ó dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ìwọ sì wá gbọ́ ohun tí ó fi ṣe aṣọ ẹgbẹ́: fìlà, bẹ́líìtì, àti àpò funfun kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, kí ọmọ sì wọ̀ wọ́n lé aṣọ yòówù tí ó bá ní nílé, kí àìlówó lọ́wọ́ òbí má baà dá ẹnikẹ́ni dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ọkùnrin náà fi ṣí ilẹ̀kùn ni èmi fi tì í.

Nínú ète tí Smith kọ sílẹ̀ ní ọdún 1883, ìtẹ̀síwájú ìjọba Krístì láàárín àwọn ọmọkùnrin ni ó kọ́kọ́ wà, kí ó tó kan ìbọ̀wọ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu àti iyì ara ẹni. Ìgbọràn kò sí níbẹ̀. Ọdún 1893 ni wọ́n tó fi kún un. Èmi fẹ́ràn ètò yẹn gan-an, bóyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ọmọ tí kò bá rí iyì ara rẹ̀ lójú rẹ lè gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu fún ọdún mẹ́fà, kí ó má sì gba ohun kan nínú ìgbàgbọ́ tí o ń kọ́ ọ. Ìdákọ̀ró tí ó wà lára báàjì rẹ, inú Hébérù 6:19 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ìrètí tí ó dájú tí ó sì dúró ṣinṣin. Ìdákọ̀ró kì í sì í pariwo, ìsàlẹ̀ omi ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

(Bí àwọn Síkáòtù àdúgbò yín bá ń fọ́nnu, rán wọn létí pé igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ wa ni Baden-Powell, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ti jẹ́ rí, àti pé ọmọ Boys' Brigade láti Bournemouth àti Poole wà lára àwọn tí ó kó lọ sí àgọ́ tí ó bí ẹgbẹ́ Síkáòtù, ní erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1907. Ọdún kejì rẹ̀, 1908, ni ẹgbẹ́ tiwa ti wọ Èkó.)

Ní ti àgọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé eré lásán ni. Smith fúnra rẹ̀ ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ pàgọ́ láti ọdún 1886. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti máa ń wọ ọmọkùnrin lára, kì í ṣe nígbà tí o bá ń wàásù, bí kò ṣe nígbà tí ẹ bá jọ ń fọ abọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní àgọ́, èmi àti ọmọ kan tí kì í la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì Bíbélì jọ ń fi iyanrìn ha ìdí ìkòkò, ó sì ṣàdédé bi mí bóyá Ọlọ́run yóò gba bàbá òun tí ó kú láìṣe ìrìbọmi. Mo fẹ́ dá a lóhùn kíákíá bí ẹni tí ó mọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n nǹkan kan dì mí lẹ́nu mú. Mo ní n kò mọ̀, mo ní ẹ jẹ́ ká jọ máa gbàdúrà, mo sì bi í irú èèyàn tí bàbá rẹ̀ jẹ́. A ha ìkòkò yẹn fún wákàtí kan gbáko. Láti ìgbà náà lọ, òun ni ó ń kọ́kọ́ dé sí kíláàsì.

Wàhálà tí ìwọ yóò kọ́kọ́ rí, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ ni yóò ti wá. Wọn yóò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ máa lu ìlù níbi ìsìn òkú àgbà, níbi ìkórè, níbi ìkíni-káàbọ̀ olóyè. Má ṣe bá wọn jà. Ọmọdé ni ọ́ lójú wọn, ṣàṣà sì ni àgbà tí yóò fara mọ́ ọn kí ọmọdé wí fún òun. Dọ̀bálẹ̀, kí o sì sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti Bíbélì ni, èmi kò lè yọ̀ǹda rẹ̀.” Ìlù dára, òun ni ó ń fa ọmọ wá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìlù nìkan bá kù sí lọ́wọ́ ti di ohun ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí tí ó kù, tọwọ́tẹsẹ̀ ni kí o fi mú un. Ìwọ àti ọmọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wà níkọ̀kọ̀ láé, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ nínú yàrá ìkó-ìlù. Kí àgbàlagbà méjì máa wà, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí òbí sì mọ ibi tí ọmọ òun wà. Má ṣe sọ pé gbogbo wa ni a mọ ara wa. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Boy Scouts of America lọ sọ ní ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2020 pé àwọn ti wọko gbèsè, nítorí pé owó ìtanràn fẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ju 82,000 lọ ni ó fi ẹ̀sùn sílẹ̀ pé wọ́n bá wọn ṣe ìṣekúṣe nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọ̀pọ̀ nínú ìsọ̀rí wọn, abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹni tí ó bá sọ pé ìlànà yìí ń tàbùkù òun, kí ó lọ bá ẹgbẹ́ akọrin ṣe.

Mo tún pàdé ọmọ oníbẹ́líìtì aṣọ yẹn. Mẹ́káníìkì ni nísinsìnyí, ó sì mọṣẹ́. Òun ni ó tún bíréèkì ọkọ̀ mi ṣe, kí n tó mọ̀ pé òun ni. Ó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ títí, mo bi í bóyá ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa lọ sílé, sà.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, kò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, èyí tí ó dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Ìwé ìpè-orúkọ ọdún 1994 wà nínú àpótí onírin lábẹ́ ibùsùn mi. Orúkọ rẹ̀ ni ìkẹrìnlá. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà lé e lórí kí ilẹ̀ ọjọ́ tí mo lé e lọ sílé yẹn tó ṣú. Ojú ewé òfìfo pọ̀ lẹ́yìn ìwé náà. Bí o bá wá kí wa ní Àjíǹde, gbé e lọ, kí o máa fi pe orúkọ àwọn ọmọ tìrẹ, kí o sì lọ sí ilé ẹni tí kò bá dáhùn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ