Ẹ̀sùn lórí irúgbìn ata rodo F1 tí ẹ tà fún mi

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ irúgbìn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi gan-an. Irúgbìn ata rodo tí mo rà lọ́wọ́ yín, F1, ìyẹn ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n mú jáde látara oríṣi ata méjì, lẹ kọ gàdàgbà sára sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, owó F1 náà lẹ sì gbà, àmọ́ ohun tó hù nínú tíréè mi kì í ṣe F1 rárá.

Gbogbo àwa tá à ń gbin ata la mọ̀ pé ọmọ bàbá kan ìyá kan ni F1, ṣe ni wọ́n máa ń jọra. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣà wọn nínú nọ́sìrì ò fi le, torí èyí tó bá rán láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, nǹkan ń ṣe é nìyẹn, kéèyàn fà á tu. Èèyàn á mú èyí tí ìdí ẹ̀ ki, tí ewé ẹ̀ dú minimini tí wọ́n sún mọ́ra, á fi èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wá oòrùn kiri sílẹ̀, àtèyí tí ewé ẹ̀ ká jọ. Tiyín ńkọ́? Nínú tíréè kan náà, ewé tibí fẹ̀, tọ̀hún rí ṣóńṣó, oríkèé òmíràn dà bí aró, òmíràn ò ní in. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ pé bí ìran ẹ̀ ṣe kúrú nìyẹn?

Mo pè yín, ọmọ tó gbé fóònù ní kí n ṣáà mú àwọn tó lágbára. Mo mú wọn, mo gbìn wọ́n, mo da fatiláísà sí i, wọ́n sì lágbára lóòótọ́, àmọ́ agbára ò ní kéèyàn mọ irú èso tó máa ká. Ìgbà tí wọ́n so, òmíràn pupa, òmíràn yẹ́lò, òmíràn gùn bíi ṣọ̀mbọ̀, òmíràn ò ju ata wẹ́wẹ́ lọ. Àwọn ìyá tó ń ra ata lọ́wọ́ mi ní Bódìjà ní àdàlú ni, iye tí wọ́n dá lé e ò tó owó àwọn tó bá mi ká a.

Lójú tèmi, inú èso F1 ni wọ́n ti yọ irúgbìn yìí, ìran kejì lẹ dì fún wa, torí ìran kejì ló máa ń yàtọ̀ síra báyẹn. Ẹni tó fẹ́ máa ṣà á lọ́dọọdún títí tó fi máa rí èyí tó wù ú lè rà á, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kó mọ ohun tó ń rà. Èmi, ata tí màá tà ni mo gbìn.

Ẹ dá owó irúgbìn mi padà, kẹ́ ẹ san owó lébìrà, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì tó ní irú nọ́ńbà tó wà lára tèmi kúrò lọ́jà kí ẹlòmíì má bàa kó sí i. Sáṣẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ mi, fọ́tò wà. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan kí oṣù yìí tó parí, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ NASC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ irúgbìn, òfin irúgbìn ọdún 2019 ò gbà kéèyàn ta ayédèrú irúgbìn fún àgbẹ̀.

Èmi oníbàárà yín,
láti Ògbómọ̀ṣọ́