Àbúrò, má tíì ra tiransífọ́mà míì

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ọmọkùnrin kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ní òun ṣe Tesla coil nílé (ẹ̀rọ oníkọ́ìlì tó ń sọ fólítì di ńlá títí iná á fi máa ta sínú afẹ́fẹ́), òun ti pààrọ̀ tiransífọ́mà ẹ̀ẹ̀mejì, síbẹ̀ iná tó ń ta lórí ẹ̀ ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó wá ń bèèrè ibi tóun ti lè rí tiransífọ́mà tó tún le ju ìyẹn lọ. Mo ní háà, àbúrò, dúró ná! Owó lo fẹ́ fi ṣòfò yẹn.

Rédíò ni mò ń tún ṣe, ó ti lé lógún ọdún, ọ̀rọ̀ túùnì ò ṣàjèjì sí mi. Kọ́ìlì méjì ló wà níbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ tòun ti kapásítọ̀ ẹ̀ (ohun tó ń gba iná pa mọ́ fúngbà díẹ̀), àti èyí tó gùn tó dúró lóòró, kálukú ló ní fíríkúẹ́ńsì tiẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àfi kí ti méjèèjì bára mu kí iná tó ta dáadáa. Ẹ rántí jáńgílófà tá a máa ń gùn ní kékeré? Tẹ́ni tó ń tì ẹ́ bá mọ àsìkò tó yẹ kó tì í, ìka kan ṣoṣo tó, wàá fò débi tí ìyá ẹ á fi pariwo. Tó bá kàn ń tì í ṣáá, kó lágbára bí ẹṣin, kò ní lọ síbì kankan. Kí àsìkò bára mu báyẹn ni wọ́n ń pè ní rẹ́sónáǹsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ra wáyà kọ́pà 0.5 mm lọ́wọ́ àwọn tó ń wé mọ́tọ̀ fáànù, mo wé e mọ́ páìpù PVC onínṣì mẹ́rin, bíi yípo 900, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ìyàwó mi ní ṣé mo ti di arànwú ni. Tiransífọ́mà tí mo lò jẹ́ ti sáìnbọ́ọ̀dù néónì, 9,000 fólítì. Kapásítọ̀ 10 ni mo so tẹ̀léra, 0.1 µF lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ wá di 10 nF (tẹ́ ẹ bá so wọ́n tẹ̀léra ṣe ni iye ẹ̀ ń dín kù, ọ̀pọ̀ ló ń ṣìnà níbẹ̀ yẹn). Kọ́ìlì ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ká bí ejò, yípo 12. Mo gbé kílíìpù (òun ló ń so wáyà mọ́ kọ́ìlì ìsàlẹ̀, ibi tó bá wà ló ń sọ iye yípo tó ń ṣiṣẹ́) sí yípo keje, iná ń ta dáadáa, inú mi ń dùn. Ni mo bá ní kí n dé e ní fìlà, mo fi fóìlì wé túùbù bárò, mo gbé e lé e lórí. Iná kú fin-ín! Mo tú gbogbo ẹ̀, mo tún un so, mo ti ń bú ẹni tó ta tiransífọ́mà fún mi, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi pé fìlà yẹn náà ni kapásítọ̀. Bó ṣe gun orí kọ́ìlì gígùn báyìí, fíríkúẹ́ńsì ẹ̀ já láti bíi 420 kHz wá sí bíi 270, ti ìsàlẹ̀ ṣì jókòó síbi tó wà. Mo sún kílíìpù lọ síta kí yípo lè pọ̀ sí i, kí fíríkúẹ́ńsì ìsàlẹ̀ náà lè wálẹ̀, yípo kan, ìdajì, ìdajì, ìgbà tó dé yípo kẹwàá àtààbọ̀, iná ta jáde bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, ajá alájọgbé wa sá jáde. Tiransífọ́mà kan náà o! Mo tún fi ìdajì yípo kún un, ó tún dáa sí i, torí iná tó ń jáde yẹn fúnra ẹ̀ ń dà bíi fìlà míì, ó ń fa fíríkúẹ́ńsì wálẹ̀ díẹ̀.

Tí àbúrò yẹn bá ní signal generator (ẹ̀rọ tó ń gbé fíríkúẹ́ńsì tá a bá fẹ́ jáde), kó fi so LED méjì (iná kéékèèké) tó kọjú síra wọn mọ́ ìdí kọ́ìlì gígùn, fìlà ní kó wà lórí ẹ̀, kó sì wà níbi tó máa dúró sí gan-an, kó máa yí fíríkúẹ́ńsì, ibi tí LED bá ti tàn jù, ibẹ̀ ni. Nikola Tesla gan-an, ẹni tó ṣe irú kọ́ìlì yìí, nígbà tó wà ní Colorado Springs nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1899, irú ìṣirò báyìí ló kún ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́. Tí iná bá wá ń sáré lára kọ́ìlì gígùn dípò kó jáde lórí, kọ́ìlì méjèèjì ti sún mọ́ra jù nìyẹn, kó gbé èyí tó gùn sókè díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kìlọ̀ fún un jọ̀ọ́, kó yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá kó tó fọwọ́ kan kílíìpù yẹn, kó sì fi wáyà olọ́wọ́ rọ́bà pa iná tó kù nínú kapásítọ̀, torí tiransífọ́mà ibẹ̀ yẹn kì í ta èèyàn lásán, ó ń pa èèyàn. Irin tiẹ̀ ni kó rì mọ́lẹ̀ fún ìdí kọ́ìlì gígùn, kó má so ó mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì (earth) iná ilé.

Kó sún kílíìpù ná, kó wá kọ̀wé padà síbí pé yípo mélòó ló bá a.

Èmi ni tiyín,
Atúnrédíòṣe kan, Òṣogbo.