Àǹtí Ajílosùn, kí ló dé tẹ́ ẹ ní kí n bọ́ sẹ́yìn?

Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọdún kan ti fẹ́ẹ̀ pé tẹ́ ẹ lọ, Màmá sì ti gbé ọ̀rọ̀ ìrántí dé, wọ́n ní ẹni tó bá ní fótò yín lọ́wọ́ kó jù ú sórí WhatsApp ẹbí kí àwọn tó máa ṣe bánà lè rí èyí tó dáa mú. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìjerò ló lọ tú àpótí, ló bá ju fótò ìsìnkú Bàbá síbẹ̀, èyí tí gbogbo wa wọ léèsì funfun ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé áà, ẹ wo Àǹtí, ẹ wo gèlè, èmi ò kọ nǹkan kan, mo kàn ń fi ìka fẹ fótò yẹn sí i, mò ń wá ara mi. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, láàárín fìlà Bàbá Ìbejì àti gèlè ìyá kan tí mi ò mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní, iwájú orí mi àti ṣùkú tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín dì fún mi nìkan ló hàn.

Látọjọ́ yẹn oorun mi ò já geere mọ́. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè dédé bi yín láìkọ́kọ́ dúpẹ́, torí gbogbo ohun tí mo fi ń jẹun lónìí, ọwọ́ yín ni mo ti rí i.

Ṣọ́ọ̀bù yín ò kúrò lójú mi, dígí gbọọrọ yẹn, àga onírọ́bà tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń jókòó lé tí wọ́n bá fẹ́ lọ ya fótò ìgboyè. Ẹ kì í dìrun fún èèyàn kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ní kó dìde, kó dúró síwájú dígí, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. "Má kọjú sí i gbọnrangandan, yí èjìká kan sẹ́yìn díẹ̀. Gbé ara lé ẹsẹ̀ kan kí ìkejì sinmi. Ti àgbọ̀n síwájú, wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ọrùn lè yọ." Ẹ máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwọn ní ọ̀sán gangan, torí òòrùn tó bá wà lókè orí máa ń da òjìji sí ihò ojú, kí wọ́n ní sùúrù di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó bá ti rọ̀. Ẹni tó bá máa ya fótò lọ́la, ẹ kì í di tiẹ̀ le, ẹ ní irun tó bá le máa ń fa ojú èèyàn sókè, ó sì máa ń yọ kókó wẹ́wẹ́ sí iwájú orí. Èékánná ńkọ́, ẹ ò lè fojú rí èékánná tó dọ̀tí kẹ́ ẹ dákẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ yín ní gbogbo ẹ̀, mo rò pé wíwò lẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí Èkó fún ọ́díṣọ̀n, ìdánwò tí wọ́n fi ń mú ẹni tó máa ṣe ìpolówó, ẹ̀rù bà mí. Gbogbo àwọn tí mo bá níbẹ̀ ló ti kun ojú, ìpéǹpéjú oníke, wíìgì tó délẹ̀, èmi ni mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú àti jíìnsì, ṣùkú sì ni mo dì. Ìyá tó ń mú èèyàn wọlé bá ní kí àwọn tó kunjú lọ fọ̀ ọ́ kúrò. Díjítàlì ni wọ́n ń pe irú fótò yẹn, ojú lásán ni wọ́n fẹ́, kí irun kúrò níwájú orí, aṣọ tó mọ́ra níwọ̀n, wọ́n á ya iwájú, wọ́n á ya ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ya odindi, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi fóònù dán nǹkan kan mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni bó o ṣe rí gan-an tó o bá wọlé sí wọn láàárọ̀. Wọ́n á wá tan kámẹ́rà, o máa sọ orúkọ ẹ, o máa sọ bó o ṣe ga tó, o máa yí sọ́tùn-ún, yí sósì, o máa na ọwọ́ méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi mú mi fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìpolówó ọṣẹ ìfọwọ́. Ojú mi ò tiẹ̀ hàn níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ ń pe gbogbo Ajílosùn wá wò ó, tẹ́ ẹ ń sọ pé "ọwọ́ ọmọ mi nìyẹn."

Nígbà tí ọ́díṣọ̀n wá di èyí tí wọ́n ń fi fídíò ṣe, ṣọ́ọ̀bù yín náà ni mo máa ń wá. Ẹ ó gbé agolo ìpara irun lé ara wọn, mo máa gbé fóònù tì í ní ìbùú kó bá ojú mi dọ́gba, mo máa kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí mi lójú, kí ògiri lásán wà lẹ́yìn mi, ẹ ó sì ti ilẹ̀kùn kí ariwo ọ̀kadà má wọlé. Ẹ̀yin lẹ rí i pé aṣọ onílà tín-ínrín yẹn ń gbọ̀n nínú fídíò, tẹ́ ẹ ní kí n bọ́ ọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé bí kámẹ́rà ṣe ń ṣe sí irú ilà yẹn nìyẹn, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ejẹ́ńsì tó ní kí n wá san owó fọ́ọ̀mù àti owó fótò kí wọ́n tó lè gbà mí, ẹ̀yin lẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ẹ ní "ẹni tó fẹ́ fún ọmọ níṣẹ́ ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀." Òótọ́ sì ni, àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ, inú owó tó o bá gbà ni wọ́n ti máa ń yọ tiwọn. Àti ọdún 2022, nígbà tí ARCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó, kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá wọn ò gbọ́dọ̀ lo mọ́dẹ́ẹ̀lì àti olóhùn ilẹ̀ òkèèrè mọ́ fún ìpolówó ní Nàìjíríà, ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ pè mí láàárọ̀ kùtù, ẹ ò tiẹ̀ kí mi. "Ó ti kù sọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ wa o! Dìde!" Mo dìde lóòótọ́, Àǹtí.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín.

Ọdún 2001, oṣù kọkànlá, ni Agbani Darego gba adé Miss World ní South Africa, ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gbà á. Ẹ gé fótò ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí yín, gbogbo oníbàárà tó bá jókòó lẹ máa ń fi hàn. Ẹ tún pè mí, ẹ fa etí mi, ẹ ní "ṣó o rí i, ọmọ dúdú bíi tìẹ." Ọmọdé ni mí, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà la sin Bàbá.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tò wá sí iwájú ilé, òòrùn ń ta, òkè Olósùnta ń wò wá lọ́ọ̀ọ́kán, fótò Bàbá wà lórí àga, ọwọ́ wọn méjèèjì lórí orúnkún, wọn ò rẹ́rìn-ín. Iwájú ni mo wà. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ yín àgbà ni mo dúró sí, òun pupa, èmi dúdú, a di ọwọ́ ara wa mú. Onífótò wo inú kámẹ́rà, ó pè yín, ó sọ nǹkan sí yín létí. Lẹ bá wá, ẹ já ọwọ́ mi kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ní "Ìwọ dúdú yìí, bọ́ sẹ́yìn, o máa ba fótò jẹ́." Kí n tó kúrò níbẹ̀ ẹ tún mú àtíkè nínú báàgì, ẹ fi pa mí lójú, ó tún dà sí mi lára léèsì. Mo lọ sẹ́yìn. Mi ò sunkún. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́.

Kí ni onífótò yẹn sọ fún yín?

Mo ti gbìyànjú láti gbè yín. Mo ti kà nípa fíìmù àtijọ́. Kodak máa ń fi fótò obìnrin òyìnbó kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fótò, Shirley ni wọ́n ń pè é, àwọ̀ ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo àwọ̀, tí tiẹ̀ bá ti jáde dáadáa ó parí nìyẹn, ẹni dúdú tó bá wà nínú fótò kan náà lè máà ní imú, lè máà ní ẹnu. Ká wá fi léèsì funfun kún un, lábẹ́ òòrùn, ẹni pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí bí onífótò ìlú wa ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní pàdánù ọ̀kan nínú wa. Mo gbà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ kàn tún sọ. Àmọ́ Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìmọ́lẹ̀ tó báyẹn! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní ká wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí gbogbo wa wà lábẹ́ ibòòji kan náà? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní kó sún mọ́ wa? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni mo máa kúrò? Ẹ sì padà sí Adó lọ́la ẹ̀, Agbani ṣì wà lára dígí, ẹ ń fi han àwọn èèyàn.

Mi ò bi yín rí, gbogbo ọdún tí mo fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo máa ń ní tó bá di Ọdún Àjíǹde màá bi wọ́n, tó bá di Kérésì màá bi wọ́n.

Èyí tó kù yìí, ó ṣòroó kọ. Lábẹ́ fótò ìsìnkú yẹn, ẹ̀gbọ́n mi tún ju òmíì, fótò tí ẹ yà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ irun, ẹ ò tíì lọ́kọ. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni. Ẹ dúdú, Àǹtí. Ẹ dúdú tó mi, ó sì ń dán. Èyí tí Màmá wá mú fún bánà, ojú yín ti pọ́n níbẹ̀, oríkèé ìka yín nìkan ló ṣì dúdú. Gbogbo wa la rí àwọn ike ìpara tí kò lórúkọ tí wọ́n ń pò fún yín l'Ọ́jà Ọba. Gbogbo wa la dákẹ́. NAFDAC ti sọ ọ́ títí pé kò yẹ kí mẹ́kúrì wà nínú ohun tí èèyàn ń fi para, torí ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín náà ni wọ́n ní ó ṣe yín. Dókítà ò sọ pé ìpara ni, èmi náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo fótò méjèèjì yìí, mo sì ń bi ara mi pé, ẹ̀yin náà, ta ló sọ fún yín pé kẹ́ ẹ bọ́ sẹ́yìn? Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn?

Iṣẹ́ ò lọ dáadáa o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Owó ọkọ̀ láti Adó sí Èkó ti di nǹkan míì. Èèyàn á gun ọkọ̀ mọ́jú, á dé ibẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti rí ẹni tí àwọn fẹ́. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní mi ò ga tó, lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti lọ díẹ̀ fún ìyá ọmọ, ó tún kéré fún ìyá ọkọ. Mo ń kun àwọn ìyàwó lójú nílé mi l'Ókèsà kí n lè rí ná, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má lo àtíkè tó bá ní titanium nínú bí onífótò bá máa lo fláàṣì, torí funfun ló máa ń jáde sójú. Onílé ti kọ lẹ́tà méjì, ọdún ilé ti parí.

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n pè mí. Wọ́n rí díjítàlì mi, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wọn ò ní kí n wá ṣe ọ́díṣọ̀n kankan mọ́. Ìpolówó ìpara ni. Èmi ni wọ́n fẹ́ lò fún "kó tó lò ó," ọmọbìnrin kan tó pupa fẹ́ẹ́ ni "lẹ́yìn tó lò ó." Wọ́n ní ojú wa jọra, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n ní wọ́n máa dín iná kù tí wọ́n bá ń ya tèmi, kí n lè dúdú sí i. Owó tí wọ́n pè á san ilé ọdún kan, á tún ṣẹ́ kù tí mo lè fi dá sí ìrántí yín. Mo bi wọ́n bóyá ARCON ti yẹ̀ ẹ́ wò torí mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ti mọ́dẹ́ẹ̀lì. Màmá ní kí n gbà á, pé owó ò lẹ́gbin. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́.

Ọmọ tó ń pè mí láti ibẹ̀ ò le mọ́ mi, ó ń fọ̀wọ̀ pè mí ní àǹtí, ó ní ọ̀la kí aago méjìlá tó lù ni àwọn fẹ́ gbọ́, pé tí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí mo ṣe dúró nínú fótò tí wọ́n rí tí wọ́n fi mú mi. Mo ti kọ èsì méjì sínú fóònù, ọ̀kan gbà, ọ̀kan ò gbà. Èwo lẹ ní kí n fi ránṣẹ́ sí wọn?

Ọmọ yín, ti Òkèsà.