Kí Ló Wà Nínú Báàgì Yẹn?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, ẹ sì kú ọ̀rinrin. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí mo mọ̀ pé ó ti dé etí ọ̀pọ̀ nínú yín, àwọn kan tiẹ̀ ti fi iyọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, ìyá tí gbogbo wa fẹ́ràn, gbé báàgì ńlá kan dé, ọmọkùnrin wa tó dúró síbẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ẹ bá wa ṣí i." Ọ̀rọ̀ dé! Màmá ní ọdún wo ni wọ́n bí ẹ? Wọ́n ní àwọn ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí nígbà tó ṣì jẹ́ pé imọ̀ ọ̀pẹ la fi bo orí ẹ̀, ṣé bọ́ǹbù làwọn wá fẹ́ gbé wọlé báyìí? Nígbà tí wọ́n jàjà ṣí i, Bíbélì ló wà níbẹ̀, agbòjò, ìborùn, àti ike mọ́ínmọ́ín méjì tí wọ́n fẹ́ fún ẹnì kan lẹ́yìn ìsìn (kì í ṣe èmi o).

Mo ti lọ bẹ màmá nílé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àmọ́ mi ò sọ fún wọn pé ọmọ yẹn ṣe ohun tí kò dáa, torí èmi ni mo rán an níṣẹ́.

Ṣé ẹ̀yin náà ò gbàgbé Ọ̀wọ̀? June 5, 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwa níbí ní Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ìsìn ni, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kí n tó dé ìdí mọ́tò mi ẹni mẹ́rin ti pè mí. Àwọn agbébọn ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù, èèyàn tó kú lé ní 40, ọmọdé wà nínú wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní ISWAP, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó ya kúrò lára Boko Haram, ló wà nídìí ẹ̀, ọdún 2025 ni wọ́n sì tó gbé àwọn márùn-ún dé iwájú adájọ́ l'Ábújá. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé oṣù May ọdún 2022 yẹn gan-an ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí àwọn agbésùnmọ̀mí, kò tíì pé oṣù kan. Òfin tó dáa ni o, láti orí owó tí wọ́n fi ń ra ìbọn títí dé orí ohun ìjà runlérùnnà bíi ti núkílíà àti kẹ́míkà, gbogbo ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lé. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London tẹ́ ẹ máa ń bínú pé ẹ fowó ránṣẹ́ sí ìyá yín, báńkì wá ń bi yín níbi tẹ́ ẹ ti rí i, ọ̀rọ̀ yìí náà ló fà á. Ní February 2023 àjọ FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti owó àwọn ọ̀daràn àti ti agbésùnmọ̀mí, kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fojú ṣọ́ owó wọn, October 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá kúrò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé ò lè dìde lọ dúró lẹ́nu géètì.

Ìjọba ìpínlẹ̀ wa náà ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, olóògbé Gómìnà Akérédolú pàṣẹ pé kí ilé ìjọsìn, ilé ìwé, báńkì, hòtẹ́ẹ̀lì àti irú wọn ri kámẹ́rà CCTV mọ́lẹ̀. Àwa náà dáwó, a ra mẹ́rin, a gbé wọn kọ́, a ya fọ́tò. Kò pẹ́ sígbà náà, olè gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, mo ní kí wọ́n jẹ́ n wo ojú ẹni yẹn nínú kámẹ́rà, wọ́n tan án, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tó yẹ kó máa tọ́jú àwòrán sí ti kún fọ́fọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó. Tẹlifíṣọ̀n tí a rà mọ́ ọn ńkọ́? Yàrá àwọn akọrin ni mo ti bá a, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń wò. Ẹ̀bi èmi pásítọ̀ yín ni, mi ò ní tì í sí ẹlòmíì lọ́rùn.

Bó ṣe rí lójú ọ̀nà náà nìyẹn. Nígbà tí a ń lọ kí wọn l'Ọ̀wọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni àwọn tó wọ aṣọ ìjọba dá wa dúró, mo kà á. Wọ́n á yọjú wo inú mọ́tò, wọ́n á rí kọ́là ọrùn mi, "Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún wa o, ẹ má gbàgbé wa," ó tán. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣí búùtù. Ìrẹsì àti aṣọ la kó síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀, ó lè jẹ́ nǹkan míì.

Ẹ rántí Bódìjà n'Íbàdàn, January 16, 2024, ilẹ̀ ti ṣú. Ìjọba Ọ̀yọ́ ní àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan láàrin ilé èèyàn, nígbà tó bú, ilé wó, òrùlé ṣí, ẹ̀mí lọ. Àwọn yẹn kì í ṣe agbésùnmọ̀mí o, owó ni wọ́n ń wá kiri, ṣùgbọ́n dáínámáìtì ò mọ èrò ọkàn ẹni tó gbé e. Ó sì ti pẹ́ tí òfin ti wà pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó lè rà á tàbí tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù inú ìjọ yìí, ẹ mọ ara yín, tí ẹnì kan bá ti san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, a ò ní bi í mọ́ pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe, kí sì lò ń já kalẹ̀ láago méjì òru?

Ní Tuesday, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan tó kàwé ní ABU Zaria dìde, ó ní Pásítọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù núkílíà wà ní yunifásítì wa rí? Gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ìyàwó mi wojú mi. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ núkílíà kékeré kan wà níbẹ̀, Ṣáínà ló ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ìwádìí ni wọ́n ń fi ṣe, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú ogun. Àmọ́ yuréníọ̀mù, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, tó wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, irú èyí tó lágbára gan-an ni, irú tí wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù. Bíi kílò kan ni gbogbo ẹ̀, kò tó bọ́ǹbù kan ṣe, ṣùgbọ́n ní June 2012 wọ́n ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Zaria yẹn kan náà, ta ló wá fẹ́ káwọ́ gbera máa wò ó bóyá Boko Haram á mọ ọ̀nà ibi ẹ̀rọ yẹn? Ìjọba wa, Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti IAEA, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà, fikùn lukùn, wọ́n fi irú èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò ẹ̀, nígbà tó fi máa di December 2018 wọ́n ti fi bàálù kó ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà. Wọn ò pa ẹ̀rọ náà tì o, ewu inú ẹ̀ ni wọ́n yọ. Mélòó nínú yín ló gbọ́? Irú ààbò tó wù mí kí ìjọba máa ṣe nìyẹn, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wo inú ẹ̀, kí wọ́n gbé èyí tó léwu kúrò kí olè tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo ń gbọ́ àwọn tó ń sọ pé àìnígbàgbọ́ ni ká máa yẹ báàgì wò nílé Ọlọ́run, pé Olúwa ló ń pa ìlú mọ́. Àmín o. Nehemáyà náà gbà bẹ́ẹ̀, àdúrà ló kọ́kọ́ gbà nígbà tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, ó wá fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn tó ń ru ẹrù fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, wọ́n fi ìkejì di ohun ìjà mú.

Torí náà láti Sunday tó ń bọ̀, àwọn obìnrin ni yóò máa wo báàgì obìnrin, tí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀ a ó ti géètì ẹ̀yìn, ẹgbẹ́ ọkùnrin ti tún kámẹ́rà ṣe, ẹnì kan á sì máa wò ó ní gbogbo Saturday (tẹlifíṣọ̀n ti kúrò lọ́dọ̀ akọrin, ẹ má bínú). Báàgì èmi àti ti ìyàwó mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú àwọn ọmọ yẹn, wọ́n á kí yín, wọ́n á kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á wo inú ẹ̀.

Ní ti màmá, wọ́n ti dárí jì wá. Wọ́n ní inú ọ̀rá funfun làwọn máa di ẹrù àwọn sí báyìí, kí gbogbo ayé lè máa rí mọ́ínmọ́ín àwọn láti ìta.